Àpáta Tí Àwòdì Ń Gba Orí Rẹ̀ Kọjá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wòkè lápá òsì yẹn, ohun tó rí bíńtín bí èèrà yẹn. Àwòdì ni. Kò lu apá rárá, ó kàn nà án tọ́ọ́, ó ń yọ̀ lọ.

Hawk Mountain la wà, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà. Òkè ibí gùn lọ bí ògiri. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ láti àríwá-ìwọ̀-oòrùn á gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní í ríbi gbà, á yáa gbòkè lọ. Òun ni àwọn ẹyẹ tó ń sá òtútù lọ sí gúúsù ń gùn bí ẹni wọkọ̀ ọ̀fẹ́, tí wọ́n fi ń kọjá nítòsí wa báyìí.

Ohun kan náà ló fẹ́ẹ̀ pa wọ́n run. Orí òkè yìí kan náà ni àwọn ọlọ́dẹ máa ń tò sí tẹ́lẹ̀, tìbọn-tìbọn. Olè ni wọ́n ka àwòdì sí. Ní 1929, ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn á san dọ́là 5 fún ẹni tó bá pa goshawk, irú àwòdì kan, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan, Rosalie Edge, rí fọ́tò òkú ẹyẹ tí wọ́n tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ní 1934 ó gba òkè náà ní ìyálò, ó ní kí Maurice Broun àti ìyàwó rẹ̀ wá máa ṣọ́ ọ. Ìbọn dákẹ́. Ibí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ láyé fún ẹyẹ apẹranjẹ.

Broun wá ń ka ẹyẹ tó ń kọjá. Ẹ má pè é ní eré o: àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí òǹkọ̀wé Rachel Carson fi hàn pé ọmọ idì ń wọ́n sí i lẹ́yìn tí oògùn kòkòrò DDT gbòde.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ò nílò kí ẹ jí ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ igbó ló ń jí kọrin. Àwòdì ń dúró de oòrùn kó mú ilẹ̀ gbóná, kí afẹ́fẹ́ lè gbé e. Àárín oṣù kẹsàn-án ni irú àwòdì tí wọ́n ń pè ní broad-winged hawk ń kọjá lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n á máa yí po bí ìjì. Idì aláwọ̀ wúrà ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá, àmọ́ òtútù ìgbà yẹn, ha! Ẹ mú tìmùtìmù dání, òkúta ni àga.

Ẹ tún rí òwìwí orí igi gígùn yẹn? Irọ́ ni, ike ni. Àwòdì kórìíra òwìwí. Ẹ wò ó, ọ̀kan ti rí i, ó ká apá kò, ó ń já bọ̀… Ẹ tẹ orí ba!