Àpò Kan, Orúkọ Méjì

YẸ́MISÍ: Wọlé, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gàrí àná kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyá oníṣòwò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo fi ìka méjì bu gàrí rẹ̀ tọ́ wò, ó kan dáadáa, mo sì béèrè iye tí kóńgò kan jẹ́. Ó ti dá mi lóhùn kí ọmọ mi tó pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù, tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀. Kí n tó gbé foonù sílẹ̀, owó ti di ìlọ́po méjì!

WỌLÉ: Àǹtí mi, ọjà ni. Ṣebí ẹ lè ná an.

YẸ́MISÍ: Ìnáwó kọ́ ló dùn mí. Nígbà tí a dá owó ìsìnkú ní Lọ́ńdọ̀nù, ogún pọ́n-ùn ni mo mú wá, ẹni tó tẹ̀lé mi mú mẹ́wàá wá, síbẹ̀ èmi ni akọ̀wé pè ní ahun, nítorí pé ó ti mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n máa ń pè ní ahun, ni mí kí ó tó ka owó mi. Níbí ẹ̀wẹ̀, olówó ìlú òyìnbó ni mí. Àpò kan náà ni, Wọlé!

WỌLÉ: Ẹ̀fẹ̀ lásán ni ti ahun yẹn. Àwa Rẹ́mọ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

YẸ́MISÍ: Bí wọ́n bá ń bu ìkọ́kọrẹ́, Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ ni ẹ̀yin, bí wọ́n bá dárúkọ ahun, ẹ di Rẹ́mọ nìkan! (Ẹ̀rín.) Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun wa ní Ìmagbọ̀n lọ́dún 1892, àwọn baba wa ló di ọ̀nà tí ọjà ń gbà láti etí ọ̀sà lọ sí òkè mú, ẹni tí kò sì rí ọ̀nà gbà kò ní yìn wọ́n. Ọ̀túnba Ṣùbọ́mi Balógun, ọmọ Ìjẹ̀bú tó dá báńkì sílẹ̀, kọ́ ilé ìwòsàn ọmọdé sí ìlú yìí, ó sì fi tọrẹ. Ta ni ó tìtorí èyí sọ pé Ìjẹ̀bú lawọ́?

WỌLÉ: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ lánàá, ẹ ní olè ni gbogbo ọlọ́jà ilé.

YẸ́MISÍ: Inú ló ń bí mi.

WỌLÉ: Kí ni orúkọ ìyá náà?

YẸ́MISÍ: N kò béèrè. Ìyá oníṣòwò ṣáá ni mò ń pè é. (Ẹ̀rín.) Ó dáa, a ó jọ padà lọ lọ́la. Kóńgò méjì ni n ó rà, ìwọ ni yóò bá mi ná an, kí o sì fi foonù rẹ sílẹ̀ nílé.