Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ àti mọ́tò Jámánì

Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó, ẹ kú ooru o. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kú òtútù. Kò sí àlejò lónìí, èmi àti máìkì nìkan ni.

Nígbà tí mo lọ sílé ní oṣù Kejìlá, mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 11, láti Yábàá lọ sí mùsíọ́mù Oníkan. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí Third Mainland, mo wàásù fún un dáadáa: tiwa-n-tiwa nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí a ṣe wọlé, ìdí mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, sí ní 1976 ló gbà lọ. Mercedes dúdú. Ó ń fi ìka ka ihò ọta lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ló bá yíjú sí mi.

"Àǹtí, ṣé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe mọ́tò yìí?"

"Rárá, Jámánì ni."

"Ṣebí ẹ ní tiwa nìkan ni."

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ má dá mi lẹ́bi o. Òyìnbó kó àwọn ère ààfin Benin lọ ní 1897. Nígbà FESTAC 1977, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, a ní kí British Museum yá wa ní ère ojú Idia, ìyá ọba Benin, péré, wọ́n kọ̀, ẹ̀dà la lò. Jámánì tiẹ̀ dá 22 nínú àwọn ère Benin padà ní 2022. Ta ló wá fẹ́ gbọ́ pé ká fi àyè sílẹ̀ fún ti ẹlòmíì?

Ilẹ̀kùn kan ló yí mi lọ́kàn padà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, ló gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì. Ère ara rẹ̀ ta síta débi pé ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, òyìnbó aláṣẹ kan sì ń bọ̀, àwọn èèyàn rù ú. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, British Museum sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó gbà á lọ́wọ́ ọba. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ní wọ́n rẹ́ ọba jẹ ni. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀, torí ta ló lè kọ̀ fún ìjọba tó ń fi ìbọn sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n Ògògà náà fẹ́ ní nǹkan àjèjì láàfin, Ọlọ́wẹ̀ náà sì gbẹ́ òyìnbó láìbẹ̀rù pé iṣẹ́ òun ò ní jẹ́ ti Yorùbá mọ́.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ń wọ British Museum lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń wo gbogbo ayé. Kí ọmọ Yábàá tó rí iṣẹ́ ọwọ́ ará Japan, ṣé àfi kó gba físà? Kí wọ́n dá tiwa padà, kí wọ́n sì yá wa ní tiwọn. Mejèèjì ni mo fẹ́, ojúkòkòrò ni, mo gbà.

Nígbà tí a ń jáde, ọmọ yìí fà mí lọ́wọ́ pa dà. Ó ní òun ò tíì ka ihò ẹ̀yìn mọ́tò.