Ewé Kì Í Hù Lójú Títì: Ọ̀rọ̀ Ọ̀rá, Gọ́tà àti Igbó Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níwájú àwọn olùkọ́, àwọn ọlọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níjókòó. Mo fi ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí i, nítorí ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà padà.

Alága, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ wa, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè gbé ayé láìba àyíká rẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíì ì bá bẹ̀rẹ̀ láti orí yìnyín tó ń yọ́ lókè òkun. Gọ́tà etí ọjà Òkè-Àjé lèmi máa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo wa jọ ń rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo ń lọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọ̀rá tó kún inú gọ́tà wa àti igbó tí wọ́n ń gé lọ́nà J4, nínú Igbó Ọmọ, ọ̀ràn kan náà ni. Ẹni tó bá lóun fẹ́ lé ọ̀rá kúrò nílùú láìmẹ́nu ba igbó, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹ mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Omi sẹ̀ǹtílítà 50 ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn á feyín ya á létí, á fà á mu, ó ti parí. Ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ara epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ti ṣe é, kòkòrò inú ilẹ̀ kò lè jẹ ẹ́. Oòrùn lè gbẹ ẹ́ títí táá fi já wẹ́wẹ́, tí ojú ò ní rí i mọ́, síbẹ̀ ọ̀rá náà ni. Òjò á gbá a sí gọ́tà, gọ́tà á gbé e fódò. Ọ̀pọ̀ odò ilẹ̀ wa, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n dorí kọ, lọ́nà ọ̀sà. Ọ̀sà yẹn náà la ti ń retí ẹja tí a máa fi se ìkọ́kọrẹ́. Èyí tí kò bá sì rí ọ̀nà lọ á dúró sínú gọ́tà, á di omi lọ́wọ́, ẹ̀fọn á yé sí i. Ẹ bi alápatà tẹ́ ẹ mọ̀, kó sọ ohun tó ń bá nínú ikùn màlúù àti ewúrẹ́ bó bá ti là á. Ọ̀rá tó dì pọ̀ gbagidi ni.

Iná ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Ẹ máa ń rí i lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á gbálẹ̀ tán, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á ṣáná sí i. Ewé gbígbẹ á kọ́kọ́ jó, èéfín rẹ̀ á funfun. Bó bá kan ọ̀rá, èéfín á dúdú, ọ̀rá á yọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ tòun tiná, òórùn rẹ̀ á sì mú èèyàn lọ́fun. Lẹ́yìn náà ni okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ á máa fò káàkiri, á bà lé aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ohun tó bà sára aṣọ yẹn, ọmọ tó ń ṣeré nítòsí ti fà á símú. Tí wáyà iná tàbí páìpù omi bá tún wà nínú ìdọ̀tí náà, májèlé tó ń jẹ́ dioxin máa ń jáde látara rẹ̀, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìyá tó ń dáná yẹn kò ní èrò ibi lọ́kàn o. Ó gbálẹ̀, ó fẹ́ kí àyíká òun mọ́, ọkọ̀ akólẹ̀ kò sì wá. Kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe?

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbà fáwọn tó máa ń sọ lórí rédíò pé ọ̀bùn làwọn èèyàn wa. Mo ti gbọ́ ọ títí, mo sì fẹ́ bá wọn jiyàn lónìí. Nígbà tí àwọn ìyá ìyá wa jẹ ẹ̀kọ tán, ibo ni wọ́n ń da ewé sí? Ilẹ̀ náà ni! Ewúrẹ́ á jẹ nínú rẹ̀, adìẹ á tú u, ìyókù á jẹrà di ilẹ̀dú lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ju nǹkan nù nígbà náà la ṣì ń jù ú títí dòní. Ohun tí à ń jù ló yàtọ̀. Ẹni tó gbé ọ̀rá wá rọ́pò ewé kò kó o dà nù fún wa, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nù. Àwa tí wọ́n gbé e fún ni wọ́n wá ń pè ní ọ̀bùn.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fáwọn tó máa ń ṣèpàdé àyíká nínú hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á to omi oníke sórí tábìlì lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n á gbé oúnjẹ sínú abọ́ fóòmù fún àlejò, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń bọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ gbé ife dání.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí rántí wolé-wolé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń bọ̀, kíá ni wọ́n á ti wo ìsàlẹ̀ àmù. Ẹ rántí ayé ológun lọ́dún 1984 sí 1985 náà, tí gbogbo ìlú ń jáde gbálẹ̀. Èmi kò bẹ̀ pé kí kòbókò padà wá. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé nígbà náà, èèyàn kan wà tí iṣẹ́ yẹn wà lọ́rùn rẹ̀, a sì mọ orúkọ rẹ̀. Lónìí, ta ni gọ́tà Òkè-Àjé wà lọ́rùn rẹ̀? Mo bi gbogbo ilé, ẹnì kankan kò dáhùn.

Mo wá bọ́ sórí òfin. Orílẹ̀-èdè Rwanda fòfin de báàgì ọ̀rá lọ́dún 2008. Kenya ṣe tiẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017. Níbí nítòsí wa, Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn kò fẹ́ rí abọ́ fóòmù mọ́. Mo fara mọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé bí tiwa ṣe yẹ kó rí, pé ká padà sí ewé, nígbà tí ìyá kan dìde láàárín èrò. Ẹ̀bìrìpò àti mọ́ínmọ́ín ni ìyá náà ń tà.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ewé tẹ́ ẹ ń yìn yìí, ta ló kórìíra rẹ̀? Ewé ni ìyá mi fi ń pọ́n ọn títí mo fi dàgbà, òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń já a fún mi ní òun kì í rí i nítòsí mọ́, àfi kóun rìn wọnú igbó lọ jìnnà. Bó bá sì gbé e dé, ó ti wọ́n, àwọn míì á ti fàya. Ọ̀rá sàǹtánà ń bẹ níwájú ilé mi, ó pọ́ọ́kú. Níbo ni ẹ fẹ́ kí n ti rí ewé?"

Gbogbo ọjà pàtẹ́wọ́ fún un. Mo pa ìwé ọwọ́ mi dé, nítorí òun gan-an ló ti débi tí mo ń lọ ṣáájú mi.

Ìyá mi, inú igbó ni ẹ ti máa rí i. Bí igbó bá lọ, ewé bá a lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ewé eéran, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ewé mọ́ínmọ́ín. Abẹ́ ilẹ̀ ni ìtàkùn rẹ̀ ń rá lọ. Ibi tó bá ti yọrí, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gùn sókè, ewé kan ṣoṣo tó fẹ̀ bí àwo á wà lórí rẹ̀. Ìbòòji ló fẹ́. Bí wọ́n bá ti gé igi orí rẹ̀ lulẹ̀, tí oòrùn là á lójú gbangba, á máa gbó, á máa pọ́n, èkan àti akíntọlá á sì gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbòdògì náà bẹ́ẹ̀, ibi ọ̀rinrin ló ń gbé.

Ẹ̀yin ọmọdé tó dàgbà lóko mọ èso ewé eéran. Pupa ni, ilẹ̀ ló ń so sí, igun mẹ́ta ló ní. Ẹ bá a là, ẹ bá a lá, ẹnu á dùn títí di ọ̀sán. Dókítà ará Bìrìtìkó kan tó ń jẹ́ W. F. Daniell kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1855, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe ewé náà títí dòní: Thaumatococcus daniellii. Èròjà tó wà nínú èso yẹn, thaumatin, fi ìlọ́po tó ju ẹgbẹ̀rún méjì dùn ju ṣúgà lọ, àwọn iléeṣẹ́ lókè òkun sì ń lò ó. Ewé kan náà tí à ń wá láti fi pọ́n ẹ̀bìrìpò nìyẹn, tí a jẹ́ kí agégẹdú tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ wo Igbó Ọmọ, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú. Ọdún 1925 ni ìjọba ti fi òfin yà á sọ́tọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 130,500. Lọ́dún 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Àjànàkú ṣì wà nínú rẹ̀, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Síbẹ̀ wọ́n ti gé igi abínibí níbẹ̀ rẹpẹtẹ kí wọ́n lè gbin mẹ̀líná, tí iléeṣẹ́ Ìwópìn máa fi ṣe ìwé. Iléeṣẹ́ náà kò gbérí bí wọ́n ṣe rò, igi abínibí kò sì padà. Lẹ́yìn èyí ni agégẹdú dé, oko kòkó náà tún tẹ̀ lé e.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ kan máa sọ: igbó kò bọ́ ọmọ, kòkó ló ń sanwó iléèwé. Òótọ́ ni. Èmi kò ní kẹ́nikẹ́ni má dáko. Ṣùgbọ́n ewé eéran kò bá kòkó jà. Abẹ́ kòkó tó ti gbó, abẹ́ obì, ibẹ̀ gan-an ló fẹ́. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ̀yin lẹ ni obì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ewé tútù ni wọ́n fi ń tẹ́ apẹ̀rẹ̀ obì kó má baà gbẹ kó tó dé òkè Ọya. Ẹni tó ní oko obì ní Rẹ́mọ lónìí, oko ewé ló ní lábẹ́ rẹ̀, àfi tó bá fi oògùn pa-koríko pa gbogbo rẹ̀. Oògùn yẹn kò mọ ewé eéran yàtọ̀ sí koríko.

Mo tún ní kí n fẹnu ba igbó Àgẹmọ àti igbó Orò. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wa, Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn míì, kò sí ẹni tí mo ń pè wá bọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n ní ìlú mìíràn, ibẹ̀ nìkan ni igi ńlá kù sí. Ẹni tó bá lọ ta á fún oníplọ́ọ̀tì nítorí pé òun ti gba Jésù tàbí òun ti lọ sí Mẹ́kà, ilẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló tà. Bákan náà ni Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 160 yí ilẹ̀ wa ká. Ibi tí ilé àti ọ̀nà kò bá tíì jẹ ẹ́, igi ló bò ó, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù nini. Kò yẹ kó di ààtàn.

Àkókò yìí ni alága fi ìka kan aago rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì Ògijo tí mo fẹ́ fi wákàtí kan sọ, mo ṣe é ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù kí wọ́n lè rí òjé inú rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan tí kò léwu nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé pa ọmọ tó lé ní 400. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra sólà, èyí tó dára, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín ibi tí bátìrì á gbà lọ lọ́jọ́ tó bá kú. Ẹ má tà á fún ẹni tó ń fi àáké fọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ti èéfín jẹnẹrétọ̀, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Rẹ́mọ ló bèèrè kẹ́yìn. Ó ní bàbá òun ní oko obì, báwo lòun ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Mo ní kó wa ìtàkùn ewé eéran tó ti ní ojú, kó gé e ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan, kó gbìn ín sábẹ́ obì bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Kó má kánjú já a, kó jẹ́ kó kọ́kọ́ rá. Bó bá sì tó ojú já, ọ̀bẹ ni kó fi gé igi ewé náà, kó má fà á tu, kó sì fi àwọn ewé kéékèèké sílẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́bìrìpò kò tíì jókòó. Ó ní bí ọmọ náà bá lè gbé ìdì ewé wá sí Òkè-Àjé, òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun á rà á, bó bá jẹ́ ewé tó fẹ̀, tí kò fàya. Ó ní kó má wulẹ̀ gbé e wá lọ́sàn-án o, ìdájí làwọn ń pọ́n.