Nigel Tranter, òǹkọ̀wé tí ń fẹsẹ̀ kọ̀wé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó sọ ìtàn ìlú rẹ̀ di ohun tí mẹ̀kúnnù ń fowó rà. Nigel Tranter, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni mo mú wá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kò burú, ó pẹ́ kí èmi náà tó gbọ́ ọ.

Glasgow ni wọ́n ti bí i ní oṣù kọkànlá ọdún 1909, ó sì kàwé ní George Heriot's ní Edinburgh. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló kọ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò ló ti ń jẹun. Àmọ́ ilé olódi àtijọ́ ló gbà á lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ọ̀kan fún yín. Ilé òkúta ni, ó ga, ó rí tínínrín, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ènìyàn lè gbẹ́ yàrá kékeré sínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ṣókùnkùn, òkúta ni wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Orí ìyẹn ni gbọ̀ngàn tí onílé ti ń gbàlejò, òkè tún ni wọ́n ń sùn. Àtẹ̀gùn òkúta tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín ló gba inú ilé gòkè. Ihò ìbọn wà lára ògiri. Ẹni tí ń gbé ibẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọba. Onílẹ̀ tí ẹ̀rù aládùúgbò rẹ̀ ń bà ni.

Tranter ń lọ wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán wọn. Lọ́dún 1935, nígbà tó wà ní nǹkan bí ẹni ọdún 25, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lórí àwọn ilé olódi gúúsù Scotland. Ìtàn àròsọ dé lẹ́yìn ọdún méjì. Ogun Àgbáyé Kejì sọ ọ́ di ológun, láàárín àwọn tí ń yin àgbá, síbẹ̀ kò gbé kálàmù sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi ni bó ṣe ń kọ ọ́. Abúlé Aberlady ló ń gbé, létí òkun, ní ìlà oòrùn Edinburgh. Afárá onípákó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló gbà. Ẹ bá ti sọdá, iyanrìn, koríko àti ẹyẹ omi ló kù. Tranter á sọdá tòun ti bébà pélébé lọ́wọ́. Á rìn díẹ̀, á kọ gbólóhùn mélòó kan, á tún máa lọ. Ilé ló ti ń wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Ìwé tó lé ní 100 ló kọ. Ẹnì kan nínú yín bi mí pé òjò ńkọ́. Aṣọ òjò wà o!

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wúrà. Ó kọ ìtàn kọ́bọ̀ì Amẹ́ríkà, ó fi orúkọ Nye Tredgold bojú. N kò bú u. Ọmọ á jẹun, ìyàwó á jẹun.

Èyí tó gbé e níyì jù ni ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta lórí Robert the Bruce, ọba tó ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Bannockburn lọ́dún 1314. Ibí ni mo ti bá a jà díẹ̀. Bruce ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a kọ sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, òǹkàwé kò sì ní mọ ibi tí àkọsílẹ̀ parí sí àti ibi tí Tranter ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ní láti orí òkè báyìí, odò báyìí ni ojú rí, ẹ gbà á gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti débẹ̀.

Kò sì jókòó ti ìwé nìkan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé olódi Menstrie ní àwọn ọdún 1950, ó wà níwájú àwọn tó ní kò ní ṣeé ṣe, ilé náà sì dúró títí dòní. Ó tún jà fún afárá mọ́tò lórí omi Forth, nítòsí Edinburgh, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó mọ́tò sọdá nígbà náà. Ọdún 1964 ni wọ́n ṣí i.

Ọdún yẹn gan-an ni Philip, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, fẹsẹ̀ yí àwọn òkè tó wà ní àyíká àfonífojì Glen Nevis po kí wákàtí 24 tó pé. Bí ẹ bá dárúkọ Tranter fáwọn tí ń sáré lórí òkè níbẹ̀, Philip ni wọn yóò rò. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ipa ọ̀nà náà. Lọ́dún 1966, jàǹbá ọkọ̀ pa á ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú ọmọ yìí, lọ́dún 1969, ni ìwé àkọ́kọ́ lórí Bruce jáde, ìkejì lọ́dún 1970, ìkẹta lọ́dún 1971.

Bàbá náà ṣì ń rìn, ó ṣì ń kọ, títí ó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2000, lẹ́ni 90 ọdún. Òkìtì òkúta ìrántí rẹ̀ wà ní Aberlady, lẹ́bàá afárá onípákó yẹn.