Kí Ló Ń Mú Ẹni Tó Ní Àtọ̀gbẹ Tọ́jú Ara Rẹ̀?

Ẹ̀yin olùwòran wa, dókítà kì í bá èèyàn gbélé. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ ló ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ, òun ló ń rántí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lójoojúmọ́. Kí ló ń fún un lágbára?

Ọ̀pọ̀ á sọ pé ẹ̀rù ni. “Tó ò bá ṣọ́ra, ojú rẹ á fọ́!” Òótọ́ ni pé àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú lè ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í báni dọ́nà jíjìn. Ṣúgà tó ga díẹ̀ kì í sábà dunni, ewu ọjọ́ iwájú kò sì hàn sójú lónìí. Bí ẹ̀rù bá wá pọ̀ jù, ẹlòmíì á pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà tì, kó má bàa rí nọ́ńbà tó máa já a láyà.

Ìdí tó ti inú ẹni náà wá ló ń pẹ́ lọ́kàn. Awakọ̀ kan fẹ́ máa ríran kedere kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìyá àgbà fẹ́ rí okun gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ó tún gbọ́dọ̀ dá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lójú pé làálàá òun kò já sásán. Ní 1993, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà lórí àwọn 1,441 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, ìyẹn èyí tí ara kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ínsúlíìnì rárá, fi hàn pé, fún àwọn tí ojú wọn kò tíì ní àrùn, àmójútó ṣúgà dáadáa dín ewu àrùn ojú kù ní ìdá 76 nínú 100.

Síbẹ̀, ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí ló ń wọ̀ ọ́ lára jù. Ó jẹun, ó wọn ṣúgà ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ oúnjẹ kan náà, ó rìn díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà náà bá wálẹ̀, ó ti mọ̀ pé apá òun ká a. Bó bá sì ga, ẹ má kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un o!

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ṣọ́ ọ bí ọlọ́pàá. Ẹ bi í léèrè pé, “Kí la lè bá ọ ṣe?”

Ó lè dọjọ́ kan kí gbogbo rẹ̀ sú u. Ìyẹn kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ rárá. Kó sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì rẹ̀, kí wọ́n jọ yan nǹkan kékeré kan tó lè ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, bóyá ìrìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kó má sì dá oògùn rẹ̀ dúró.