Tó bá ku ẹni mẹ́ta nídìí póókà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wáyé ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò àti àwọn tó fẹ́ràn eré káàdì. A gé àwọn ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìyókù wà bó ṣe jáde lẹ́nu.

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tètè sọ ọ́ kí àwọn alàgbà ìjọ tó bi mí: kò sí náírà kankan lórí tábìlì yìí. Ọmọ ayò ló wà níbẹ̀. Ọpọ́n kan ní ọmọ 48. A da ti ọpọ́n méjì pọ̀, ó di 96, a wá mẹ́rin kún un, ó pé 100. Àwọn ni ṣíìpù wa. Owó tí mo bá dárúkọ, ẹnu lásán la fi ń ná an.

Gbogbo yín lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ta Texas Hold'em, irú póókà tí kálukú ń di káàdì méjì mú, tí márùn-ún sì ń ṣí lójú tábìlì fún gbogbo wọn. N ò ní padà síbẹ̀. Ìdíje ni mo fẹ́ sọ, èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, tí ọ̀pọ̀ ti dìde lọ, tó wá ku ẹni mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Àjàní, Bísí àti Kọ́lá. Àjàní ní ọmọ 50, Bísí ní 30, Kọ́lá ní 20. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní á gba ₦50,000, ìkejì ₦30,000, ìkẹta ₦20,000. Àpapọ̀ ẹ̀bùn ₦100,000, ọmọ 100. Èló ni ọmọ kan?

(Ẹnìkan dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ẹgbẹ̀rún kan náírà, sà.")

O ṣé, àbúrò. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn, òun náà ló sì ń lé wọn jáde ní ipò kẹta. Tí ọmọ kan bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, a jẹ́ pé Àjàní ti ní ₦50,000 lọ́wọ́. Owó ipò kìíní mà nìyẹn! Ta ló ti fún un ní ipò kìíní? Ká wá wo Kọ́lá. A ní ọmọ 20 rẹ̀ jẹ́ ₦20,000, ṣùgbọ́n ₦20,000 ti di tirẹ̀ bó bá tiẹ̀ sùn lọ lórí àga, torí kò sí ipò tó kéré ju ìkẹta lọ mọ́. Ṣé ọmọ 20 tó wà níwájú rẹ̀ ò wá já mọ́ nǹkan kan ni?

Ìṣirò tí àwọn tó mọ eré yìí ń lò láti sọ ọmọ dowó ni wọ́n ń pè ní ICM (Independent Chip Model). Ìdí ìje ẹṣin ló ti wá: David Harville ló gbé ìlànà náà jáde ní 1973, Mason Malmuth sì mú un wọ póókà ní 1987. Kò le. Àǹfààní kí èèyàn ṣe ipò kìíní kò ju ìpín ọmọ tó ní nínú gbogbo ọmọ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ti ipò kejì, ẹ yọ ẹni tó ṣe kìíní kúrò, kẹ́ ẹ fi ìyókù ṣe bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti Bísí. Ipò kìíní, 30%. Ipò kejì ń kọ́? Bó bá jẹ́ Àjàní ló ṣe kìíní, tí í ṣe 50%, ọmọ 50 ló kù nílẹ̀, Bísí ló ni 30 nínú rẹ̀, ìyẹn 60%. 60% nínú 50% jẹ́ 30%. Bó bá jẹ́ Kọ́lá ló ṣe kìíní, tí í ṣe 20%, ọmọ 80 ló kù, 30 ti Bísí jẹ́ 37.5% nínú rẹ̀. 37.5% nínú 20% jẹ́ 7.5%. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 37.5%. Ohun tó kù fún ipò kẹta jẹ́ 32.5%. Ẹ sọ ọ́ dowó: ₦15,000, ₦11,250 àti ₦6,500. Ó jẹ́ ₦32,750.

Tẹ́ ẹ bá ṣe ti àwọn méjì yòókù, Àjàní á jẹ́ ₦38,393, Kọ́lá á jẹ́ ₦28,857. Ẹ wá pín in sórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan lọ́wọ́ Kọ́lá lé ní ₦1,400. Ọmọ kan lọ́wọ́ Àjàní ò tó ₦770. Orí tábìlì kan náà, ọmọ kan náà! Nídìí ayò, ọmọ tí mo jẹ lákọ̀ọ́kọ́ àti èyí tí mo jẹ kẹ́yìn, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹni tó bá gbé ojú ayò wá sídìí póókà á kàn máa ṣòfò ni. Ohun tí mo bá wá síbí nìyí, mo sì máa tún un sọ títí á fi sú yín: tó bá ti ku èèyàn díẹ̀, ọmọ tẹ́ ẹ pàdánù wúwo ju ọmọ tẹ́ ẹ jẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Àjàní ti gbogbo ọmọ rẹ̀ síwájú. Kọ́lá ju káàdì sílẹ̀. Ó ku Bísí. Ká gbé bláìǹdì, ìyẹn ọmọ tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí káàdì tó jáde, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná kí ìṣirò má baà dí. Bí Bísí bá jù ú sílẹ̀, ₦32,750 rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá bá a, ìyẹn kó fi ọmọ tirẹ̀ náà sílẹ̀ kí wọ́n jọ ṣí káàdì, tó sì pàdánù, ó gba ₦20,000, ó ń lọ sílé. Bó bá bá a tó sì jẹ, ó ní ọmọ 60, Àjàní ku 20, Kọ́lá ní 20. ICM ní ₦41,000 ni. Ẹ wò ó dáadáa: ó fi ọmọ 30 wá ọmọ 30, ṣùgbọ́n ₦12,750 ló fi ń wá ₦8,250. Kó tó lè rí owó rẹ̀ padà lásán, ó gbọ́dọ̀ máa borí ní 12,750 nínú 21,000. Ìyẹn 60.7%.

Kí ni 60.7% nínú káàdì? Ká ní Àjàní ń ti ọmọ láìwo káàdì rárá. Péà 6, ìyẹn káàdì 6 méjì, máa ń borí káàdì èyíkéyìí ní bíi 63%, ẹ bá a. Péà 5, bíi 60%: ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Péà 2 ò ju bíi 50% lọ, ẹ jù ú nù. A-K, ìyẹn éèsì àti kíǹgì, tí àwọ̀ wọn ò bára mu, 65%. Ṣùgbọ́n ta ló ń ti gbogbo ọmọ rẹ̀ láìwo káàdì? Ká ní A-K ló wà lọ́wọ́ Àjàní, Bísí sì di péà 5 mú. Bísí ló wà níwájú, bíi 55 sí 45. Tó bá jẹ́ ọmọ la fẹ́ kà, èrè ni. Tó bá jẹ́ owó, gbèsè ni. Ibí yìí ni àwọn ọlọ́kàn-líle máa ń bínú sí mi: "Mo wà níwájú, kí ni mo ń sá fún?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé ojo ní í ju káàdì sílẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Owó yín la fi ń jẹun.

Ẹ má sì gbàgbé Kọ́lá tó jókòó jẹ́ẹ́. ₦28,857 ló ní kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bí Bísí bá jáde, Kọ́lá ti ní ₦30,000 ní dídájú, ọmọ 20 rẹ̀ nínú 100 sì fún un ní ₦4,000 nínú ₦20,000 tó kù láti jà lé. ₦34,000. Bó bá jẹ́ Bísí ló borí ń kọ́? ₦29,500. Èyí tó wù kó ṣẹlẹ̀, owó Kọ́lá lọ sókè láìfọwọ́ kan káàdì. Owó yẹn ò jábọ́ láti ojú ọ̀run. Inú àpò àwọn méjì tó ń jà ló ti jáde.

Ṣé mo wá ní kẹ́ ẹ máa sá ni? Rárá o. Ẹni tó ń bá ọmọ ni 60.7% ń dè, kì í ṣe ẹni tó ń tì í. Ẹni tó ń tì í ní ọ̀nà méjì láti jẹ: kí ẹnìkejì sá, tàbí kí káàdì rẹ̀ borí. Torí náà, Àjàní ló yẹ kó máa ti Bísí kiri, nígbà tí Kọ́lá tó kéré jù ṣì wà níjókòó, nítorí kò sóhun tó máa dun Bísí bíi kó jáde ṣáájú Kọ́lá. Ibi tí Àjàní ti máa ń bà á jẹ́ ni kó máa ti Kọ́lá bákan náà nígbà tí ọmọ Kọ́lá bá ti ku mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tí ò ní nǹkan tó máa pàdánù mọ́, kí lẹ fẹ́ fi dẹ́rù bà á?

Kọ́lá náà ò gbọ́dọ̀ jókòó títí. Bláìǹdì kékeré ọmọ 1, ńlá ọmọ 2. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ọmọ mẹ́ta lẹ ń san ní ìpín mẹ́sàn-án, ìyẹn ìgbà mẹ́sàn-án tí wọ́n bá pín káàdì. Ọmọ 20 á gbé yín dé bí ìpín 60. Tó bá ku mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta yẹn náà lẹ ń san ní ìpín mẹ́ta. Ìpín 20, ó tán! Péà èyíkéyìí ò sì wá ju ẹ̀ẹ̀kan nínú ìpín 17. A-A jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 221. Ẹni tó bá ń dúró de A-A, wọ́n á ti kó àga kúrò kó tó dé. Ní bláìǹdì ńlá mẹ́wàá, ìyẹn ọmọ 20 Kọ́lá, yálà kẹ́ ẹ ti gbogbo rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tó wà nílẹ̀ yẹn jẹ́ 15% ohun tẹ́ ẹ ní. Tẹ́ ẹ bá rí i jí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti sanwó àyíká kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí Kọ́lá fi ọmọ 5 lé e, kí ẹlòmíì tún fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e, kó wá ju káàdì sílẹ̀. Ìdá mẹ́rin ọmọ rẹ̀ ti lọ, kò sì rí káàdì kankan lójú tábìlì.

(Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní ká kúkú pín owó náà ká máa lọ sílé ń kọ́?")

Há! Ìbéèrè yìí dáa ju ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé wá. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fi iye ọmọ pín gbogbo owó: ₦50,000, ₦30,000, ₦20,000. Àjàní ló máa dábàá èyí, tẹ̀ríntẹ̀rín. Òun á gba owó ipò kìíní láìjà, Kọ́lá á gba owó ipò kẹta tó ti wà lápò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ní ipò Kọ́lá, kí ni mo fẹ́ wí?

Ìkejì jọ òótọ́. Kí oníkálukú kọ́kọ́ mú ₦20,000, kí wọ́n fi iye ọmọ pín ₦40,000 tó kù. Àjàní ₦40,000, Bísí ₦32,000, Kọ́lá ₦28,000. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ṣì fi ₦1,607 ré Àjàní kọjá ohun tí ICM fún un. Inú ti Bísí ni ₦750 ti wá, inú ti Kọ́lá ni ₦857.

Ìkẹta ni ICM fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Kọ́lá, òun ni kẹ́ ẹ dúró lé. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Àjàní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkejì, kẹ́ ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi olùdarí ìdíje bóyá òfin rẹ̀ gba pípín, ẹ dá aago dúró kí bláìǹdì má baà máa gòkè nígbà tẹ́ ẹ bá ń jiyàn, kẹ́ ẹ sì ka ọmọ lójú gbogbo yín. Àwọn kan máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá borí, kí eré má baà kú. Ẹ yọ ọ́ kúrò ṣáájú kẹ́ ẹ tó pín ìyókù. Ohun kan tún wà tí ICM ò mọ̀, ìyẹn ẹni tó mọ eré jù. Ó gbà pé ọgbọ́n yín dọ́gba. Tó bá dá yín lójú pé ẹ jù wọ́n lọ, ẹ béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Ẹ̀rín.) Mo mọ̀ pé gbogbo yín ló dá lójú.

Wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Ẹ jẹ́ kí n sáré.

Ìdíje tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ ìwé ìwọlé sí ìdíje ńlá, irú èyí tí Chris Moneymaker gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ gba 2.5 mílíọ̀nù dọ́là ní Las Vegas ní 2003. Ká ní ìwé márùn-ún ló wà, èèyàn mẹ́fà ló kù, ọmọ wọn dọ́gba. Kálukú ti ní àǹfààní 83.3% láti gba ìwé. Ẹnìkan ti gbogbo ọmọ rẹ̀ láìwo káàdì, ẹ di K-K mú. K-K ń borí ní 82.4%. Ẹ jù ú sílẹ̀! A-A nìkan, ní 85%, ló fi díẹ̀ kọjá, tó bá sì wá ku ẹnìkan tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ tán, ẹ ju A-A náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ dúró dè é kó jáde.

Tó bá wá ku ẹni méjì, gbogbo ohun tí mo ti ń pariwo láti àárọ̀ parí síbẹ̀. ₦30,000 ti dájú fún kálukú, ₦20,000 la ń jà lé, ọmọ kọ̀ọ̀kan di ₦200 lọ́wọ́ ẹni méjèèjì. Dípò 60.7%, ẹ padà sí 50%. Ní bláìǹdì ńlá mẹ́wàá, ẹni bláìǹdì kékeré lè ti ohun tó lé ní ìdajì gbogbo káàdì, kí ẹnìkejì fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta kan bá a. Káàdì méjì tí ò jẹ́ péà kì í rí ẹgbẹ́ wọn nínú mẹ́ta tó kọ́kọ́ ṣí ju ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta lọ, torí náà ẹ má ṣe dúró kẹ́ ẹ tó ní nǹkan kẹ́ ẹ tó fi ọmọ sílẹ̀.

(Ẹnìkan: "Ta ló ń san bláìǹdì ńlá, sà, tó bá ku méjì?")

Ẹni tí bọ́tìnì, ìyẹn àmì ẹni tó ń pín káàdì, ò sí níwájú rẹ̀. Ẹni tó ni bọ́tìnì ló ń san kékeré, òun ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí káàdì ojú tábìlì tó ṣí, òun ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ẹni kẹta bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ wo ẹni tó san ńlá kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó pín káàdì. Tó bá fẹ́ tún kàn án, ẹ gbé bọ́tìnì wá síwájú rẹ̀, kí ẹnì kan má baà san án lẹ́ẹ̀mejì léra.