Fáìlì Kan Ṣoṣo Ni: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Tó Fẹ́ Ṣe Website Sọ ní Kabba

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ní sùúrù, jẹnẹrétọ̀ ló dá wa dúró, epo ló tán nínú ẹ̀, kì í ṣe èmi. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tíná lọ yẹn, ṣé ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó dáwọ́ dúró lórí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ máa tẹ̀ sórí fóònù yín? Kò síná, network ń lọ ó ń bọ̀, iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú. Gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí náà nìyẹn: website kì í bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú fáìlì kan ṣoṣo ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ yín níbẹ̀, láìjẹ dátà kankan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra hosting, ìyẹn ibi tí website máa gbé, kẹ́ ẹ ra theme, ìyẹn ẹ̀wù tí wọ́n ti rán sílẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ wá sanwó kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́ta lé e. Àwọn ọ̀gá wa ní Lokoja ni, wọ́n mọ ara wọn (ẹ̀rín). Ẹni tí ò tíì kọ ebè kan rí lẹ ní kó lọ ra tirakítọ̀! Lọ́dún 1991 tí Tim Berners-Lee gbé website àkọ́kọ́ láyé síta ní CERN, ní Swítsàlandì, ọ̀rọ̀ lásán ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú líǹkì téèyàn lè tẹ̀ kó gbé e lọ síbòmíì. Kò sí fọ́tò, kò sí nǹkan tó ń jó sọ́tùn-ún sósì. CERN ṣì tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀ kan, ẹ lọ ṣí i lálẹ́ òní, á ṣí.

Bó ṣe rí rèé. Ẹ ṣí Notepad tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, tó bá jẹ́ fóònù, app èyíkéyìí tó ń kọ ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ kọ <h1>Gààrí tó gbẹ dáadáa</h1>, àkọlé ńlá nìyẹn. Ẹ bọ́ sísàlẹ̀, ẹ kọ <p>, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà àti ibi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ fi </p> tì í, torí ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ̀yin náà lẹ máa tì í. Ẹ wá fi orúkọ yìí pa á mọ́, index.html, torí òun ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé website fún àlejò, sábà máa ń kọ́kọ́ wá tí àlejò bá kanlẹ̀kùn. Ẹ ṣọ́ra o, Notepad á fẹ́ fi .txt lé e láìsọ fún yín, tẹ́ ẹ bá ṣí i tó jẹ́ pé <h1> yẹn gan-an lẹ̀ ń rí lójú, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ kan láti Isanlu kọ oríkì bàbá bàbá ẹ̀, ó fi àmì sí i bó ṣe yẹ, ló bá ṣí i, gbogbo ẹ ti di áº¹, oríkì bàbá ti di ọ̀rọ̀ iwin. Ó ní kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yàgbà. Ó gbọ́ jàre! Kò sẹ́ni tó sọ irú lẹ́tà tó ń bọ̀ fún un ni. Ìlà kan péré lókè fáìlì, <meta charset="utf-8">, ó fi sí i, ó rí i pé ó fi UTF-8, ìlànà tó gba lẹ́tà èdè wa, pa fáìlì náà mọ́, bàbá sọ̀ jí. Gbogbo àwọn tó ń sọ pé èdè wa ò ṣeé kọ sórí website, ìlà yẹn ni wọn ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ CSS, èyí tá a fi ń ṣe ojú website lọ́ṣọ̀ọ́, ni mo fẹ́ bọ́ sí, mo ti gbé fáìlì mẹ́fà dání tí mo fẹ́ fi hàn, àfi bí ìyá kan lẹ́yìn ṣe nawọ́. Wọ́n ní kajú làwọn ń tà, ọmọ àdúgbò kan ló bá àwọn ṣe sáìtì léṣìí, ó ti lọ Àbújá báyìí, kì í gbé fóònù, báwo làwọn ṣe máa pààrọ̀ nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀?

Mo ní, "Iye, ta ló ni orúkọ sáìtì yẹn?"

Wọ́n ní àwọn ni, ṣebí orúkọ àkọ́bí àwọn ni.

Mo ní, "Ímeèlì ta ni wọ́n fi gbà á?"

Kẹ́kẹ́ pa.

Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe yí padà nìyẹn. Ẹ gbọ́, a kì í ra orúkọ sáìtì kó di tẹni títí láé, ọdọọdún la ń sanwó ẹ̀ bí owó ilé, ẹni tí ímeèlì ẹ̀ wà nídìí ẹ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ dání. Èmi náà ti jẹ nínú ìyà ẹ̀. Ímeèlì ibi iṣẹ́ ni mo fi gba orúkọ sáìtì mi tó parí sí .com, nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ wọ́n ti ímeèlì náà pa, lẹ́tà pé owó ti tó san ń lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, èmi ń sùn. Tí .com bá kọjá àsìkò ẹ̀ tí wọ́n sì ti yọ ọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní téèyàn fi lè rà á padà, pẹ̀lú owó ìtanràn tó ju owó ọdún kan lọ dáadáa, lẹ́yìn náà ọjọ́ márùn-ún, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́. Mo san owó ìtanràn yẹn, inú mi ò sì dùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá yín ṣe é, kó kọ gbogbo ẹ̀, àmọ́ ímeèlì yín àti pásíwọ́ọ̀dù yín ni kẹ́ ẹ fi gba orúkọ.

Alága ti ń fi aago hàn mí, ẹ jẹ́ n sáré. GitHub Pages á bá yín gbé fáìlì yẹn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́tò tó ti inú fóònù wá wúwo, ẹ dín in kù, ẹni tó ń wò ó láti Bunu pẹ̀lú network orí òkè ò ní dúró. WordPress, ohun tí wọ́n fi ń ṣe website láìkọ gbogbo ẹ̀ fúnra ẹni, ti wà láti 2003, ó dáa, ẹ lò ó, ẹ ṣáà má fi bẹ̀rẹ̀. CSS, ẹ bi mí níta.

Kí n tó sọ̀kalẹ̀, a bá ìyá náà tẹ orúkọ sáìtì wọn sí lookup.icann.org, ibẹ̀ léèyàn ti ń rí ọjọ́ tí .com máa parí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n ní kò burú, àwọn mọ ilé ìyá ọmọ yẹn.